Odindi pulọ́ọ̀tì àbí ààbọ̀? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ní Àkúrẹ́

Ẹni tó ń wá ilẹ̀ lọ́nà Òdà tàbí lẹ́yìn Ọbà-Ilé yóò gbọ́ iye méjì: ti odindi àti ti ààbọ̀. Owó ni ọ̀pọ̀ ń wò kí wọ́n tó mú ààbọ̀. Ibi tí ilé máa gbà ni kí ẹ wò.

Odindi tí wọ́n sábà ń tà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní fífẹ̀ sí 120 ní gígùn, bíi mítà 18 sí 36. Òfin kì í gbà kí ilé fara kan ààlà. Ká ní wọ́n ní kí ẹ fi mítà 6 sílẹ̀ níwájú, kí ẹ fi 3 sílẹ̀ lẹ́yìn àti ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan (ẹ béèrè iye ti àdúgbò yín lọ́dọ̀ àwọn tó ń fọwọ́ sí pílánù): mítà 12 sí 27 ló kù fún ilé, ìdajì ilẹ̀ náà gẹ́lẹ́.

Ààbọ̀ tí wọ́n là lóròó, 9 sí 36, ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà. Ẹ yọ mítà 3 lọ́tùn-ún, 3 lósì: fífẹ̀ ilé ku mítà 3, yàrá kan láìsí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kéré tán, ẹ san ìdajì owó, ẹ rí ìdá kan nínú mẹ́rin ilé. Èyí tí wọ́n gé ní ìbú, 18 sí 18, sàn jù ú lọ, 12 sí 9 ló kù. Àmọ́ bí tiyín bá wà lẹ́yìn, kí ọ̀nà tó wọ ibẹ̀ hàn nínú ìwé awọnlẹ̀.

Omi ńkọ́? Mítà 30 ló yẹ kó wà láàárín kànga àti sókàwéè, ihò tí omi ẹ̀gbin ilé ń lọ. Lórí odindi, kànga wà níwájú, sókàwéè wà lẹ́yìn. Lórí 18 sí 18, igun sí igun kò tó mítà 26, ẹ kò sì tíì ka sókàwéè aládùúgbò.

Níbi tí òfin bá ti ka pulọ́ọ̀tì kékeré léèwọ̀, owó tí èèyàn máa fi bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ á ga, àwọn tówó wọn ò tó á sì ya sí ilẹ̀ ẹbí. Ìdí nìyí tí ààbọ̀ fi ń tà wàràwàrà lórí ilẹ̀ ẹbí, tí iye rẹ̀ sì máa ń ju ìdajì ti odindi lọ. Lọ́jọ́ títà ni ìṣòro ń yọjú, torí ó ṣòro kí wọ́n fọwọ́ sí pílánù lórí ààbọ̀ tí òfin kà léèwọ̀: ilé tí kò ní pílánù tí wọ́n fọwọ́ sí, báńkì kì í fẹ́ yá èèyàn lówó rà á, ẹni tó ní owó lọ́wọ́ nìkan ló kù.

Bí owó yín ò bá ju ti ààbọ̀, ẹ wá ẹnìkan tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ jọ ra odindi, kí ẹ kọ́ ilé méjì tó pín ògiri àárín lábẹ́ pílánù kan. Fífẹ̀ ilé kọ̀ọ̀kan á di mítà 6 dípò 3. Kí lọ́yà kọ ìpín oníkálukú sílẹ̀. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, kí awọnlẹ̀ tiyín, kì í ṣe ti ọmọ onílẹ̀, wò ó bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà.