Clonezilla: bí mo ṣe kó gbogbo inú láptọ́ọ̀pù mi lọ sórí SSD

Kí n má fọ̀rọ̀ gùn: Clonezilla, ètò tó ń da gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì kan kọ sórí òmíràn, ṣe iṣẹ́ tí mo gbé fún un, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ojú rẹ̀ ni kò dára.

Láptọ́ọ̀pù HP kan tó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi ni mo fi ṣe é. Háàdì-dísìkì 500GB, irú èyí tó ń yí nínú, ló bá a dé. Téèyàn bá tan ẹ̀rọ náà, á lọ ro àmàlà, á jẹ ẹ́, á sì fọwọ́, kí Windows tó múra tán. SSD, dísìkì tó yára, tí nǹkan kan kì í yí nínú rẹ̀, ló lè wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sàn. Ọ̀pọ̀ ẹnjiníà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló máa ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí àwọn fi Windows tuntun sórí SSD, kẹ́ ẹ wá máa to ètò yín padà níkọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ní ètò ìṣirò owó tí ẹni tó tà á fún mi ò gbé fóònù mi mọ́, mo ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tí mo ti tò bó ṣe wù mí, mo sì ní àwọn páásíwọ́ọ̀dù tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà nìkan ló rántí wọn. Kí gbogbo wọn wà níbi tí wọ́n wà ni mo fẹ́, kó jẹ́ dísìkì abẹ́ wọn nìkan ló máa yí padà.

Windows fúnra rẹ̀ ò ní irinṣẹ́ tó ń ṣe èyí tààrà. Macrium Reflect Free ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò nígbà kan, àmọ́ ilé-iṣẹ́ tó ni ín ti pa ti ọ̀fẹ́ yẹn tì láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Samsung ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n SSD Samsung nìkan ló ń kó ẹrù sí. Clonezilla ò bi yín léèrè ta ló ṣe dísìkì yín. Taiwan ni wọ́n ti ń ṣe é, ní ibùdó kọ̀ǹpútà ńláńlá tí wọ́n ń pè ní NCHC, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó.

Kì í ṣe inú Windows ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ó dáńlóòdù fáìlì ISO rẹ̀ (fáìlì kan tó di gbogbo ètò náà pọ̀), ẹ ó fi ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ Rufus kọ ọ́ sórí fílásì, ẹ ó sì tan kọ̀ǹpútà láti orí fílásì náà. Lórí HP, F9 lẹ ó máa tẹ̀ bó ṣe ń jí. Ohun tó máa yọ sí yín ò ní àwòrán kankan, lẹ́tà ni láti òkè délẹ̀. Bọ́tìnnì ọfà, Spacebar àti Enter lẹ ó fi rìn nínú rẹ̀. Yorùbá ò sí lára àwọn èdè tó ní kẹ́ ẹ mú, Gẹ̀ẹ́sì tó sì ń sọ, bíi pé ẹ ti ń lo Linux láti kékeré ni. Mo mú device-device (láti dísìkì tààrà sí dísìkì), mo mú Beginner (ọ̀nà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀), mo mú disk_to_local_disk (odindi dísìkì sórí òmíràn tó wà lára kọ̀ǹpútà kan náà).

Ibi tí ewu wà ló kàn. Ó máa kọ́kọ́ bi yín pé dísìkì wo lẹ fẹ́ kó nǹkan jáde nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà èwo lẹ fẹ́ kó o sí. Orúkọ tó fún wọn ni sda àti sdb, tí kò yé ọmọ ìyá ẹnì kankan. Bẹ́ ẹ bá gbé e sódì, òfìfo lẹ ó dà lé gbogbo iṣẹ́ yín lórí. Ẹ má wo sda, ẹ wo iye GB àti orúkọ dísìkì tó kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó máa bi yín bóyá ó dá yín lójú, ẹ ó tẹ y. Ó máa tún bi yín, ẹ ó tún tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan ní ìbéèrè rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ní tèmi, kó máa bi mí lọ.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe yára yà mí lẹ́nu. Ohun tó ń lò nínú ni wọ́n ń pè ní Partclone, ibi tí nǹkan bá wà lórí dísìkì nìkan ló ń kó, bí ẹni tó ń kó kúrò nílé tí kì í ru yàrá òfìfo dání. Nínú 500GB mi, bíi 180GB ló ní nǹkan nínú, kò sì gbà tó wákàtí kan. Dísìkì àtijọ́ ló ń fà á sẹ́yìn, kì í ṣe SSD. Àmọ́ ẹ rí i pé ojú USB 3.0 lẹ ki wáyà tó so SSD mọ́ kọ̀ǹpútà bọ̀, nítorí USB 2.0 máa jẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ohun tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, kẹ́ ẹ tó débi Clonezilla rárá ni. Ẹ kọ́kọ́ mọ dísìkì tẹ́ ẹ ń rà. SSD 480GB pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ ò sì wọ́n, ṣùgbọ́n ní ọ̀nà Beginner, Clonezilla kì í gbà láti kó 500GB sórí 480GB, bó tiẹ̀ jẹ́ pé 50GB péré lẹ lò níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra 512GB. Ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí ibi yòówù tẹ́ ẹ ti rà á, ẹ ní kí wọ́n fi CrystalDiskInfo wò ó lójú yín: ó máa sọ iye wákàtí tí SSD náà ti fi ṣiṣẹ́. Tuntun tó ti ṣiṣẹ́ ẹgbẹ̀rún wákàtí, ẹ dá a padà fún wọn.

Nínú Windows, ẹ pa Fast Startup. Tẹ́ ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà kú nígbà tí ìyẹn wà ní títàn, oorun ló sùn, kò kú, Clonezilla sì lè kọ̀ láti fọwọ́ kan dísìkì tó bá wà nípò bẹ́ẹ̀. Mo ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alákòóso, mo tẹ powercfg /h off láti fi pa á, lẹ́yìn náà mo fi chkdsk yẹ dísìkì wò. Ẹ wo BitLocker náà, ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa kí ẹlòmíì má lè kà á. Bó bá ti ti dísìkì yín pa, Clonezilla ò ní mọ ibi tó ṣófo yàtọ̀ sí ibi tí nǹkan wà, gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ló máa kó, ẹ ó sì jókòó tì í pẹ́. Ẹ ṣí dísìkì náà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ti iná ń kọ́? Bátìrì mi ò lágbára mọ́, ìdí ínfátà ni mo jókòó sí. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, nǹkan kan ò ní ṣe dísìkì àtijọ́, torí kíkà nìkan ni wọ́n ń kà á. Èyí tuntun lẹ máa tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Dísìkì tó ti ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, tó ti ní ojú tí kò ṣeé kà mọ́, Clonezilla kọ́ ni mo máa gbé e lé lọ́wọ́. Ó máa dúró ní ojú àkọ́kọ́ tó bá bàjẹ́, àfi tẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà Expert kẹ́ ẹ mú rescue. Mi ò ní dán ìyẹn wò lórí fọ́tò ìgbéyàwó. ddrescue ni wọ́n ṣe fún irú rẹ̀.

Nígbà tó parí, mo pa ẹ̀rọ, mo tú ìsàlẹ̀ láptọ́ọ̀pù, mo yọ ti àtijọ́, mo fi SSD síbẹ̀. Ẹ má so méjèèjì mọ́ ọn pọ̀ kẹ́ ẹ tó tàn án: àmì ìdánimọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ́, Windows sì lè pa ọ̀kan tì. Kí n tó wá gíláàsì mi rí, ojú ibi tí màá ti tẹ páásíwọ́ọ̀dù ti dé. Ètò ìṣirò owó mi ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Àyè bíi 12GB tó ṣẹ́kù lẹ́yìn, mo fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá lọ sórí 1TB máa fẹ́ lo tirẹ̀, ibẹ̀ ni inú á ti bí i díẹ̀: ìpín ìmúbọ̀sípò (recovery partition) ti Windows sábà máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ C, C ò sì ní lè fẹ̀ kọjá rẹ̀. GParted, ọ̀fẹ́ lòun náà, ló máa sún un kúrò lọ́nà.

Ohun kan tí mo rí i pé àwọn èèyàn ń retí tí kò sí níbẹ̀: Windows tẹ́ ẹ ní náà lẹ ó bá lórí SSD. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní October 14, 2025, SSD ò sì sọ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ di èyí tí Windows 11 máa gbà. Prósẹ́sọ̀ àti TPM 2.0, ohun èlò ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà, ló ń wò. Tó bá jẹ́ torí Windows 11 lẹ ṣe fẹ́ náwó, ẹ yẹ àwọn méjì yẹn wò kẹ́ ẹ tó ra dísìkì.