Àpótí máńdólìn tí a fi pankẹ́rẹ́ hun ní Mẹ́ńdè: àgbéyẹ̀wò láti ọwọ́ ẹni tó ń lò ó

Àwa tí a ń lo máńdólìn, ohun èlò orin olókùn tó kéré ju gìtá lọ, ní Èkó kò pọ̀, ìdí nìyẹn tí àpótí rẹ̀ fi ṣòro láti rí rà. Àpò gìtá àti ti kíbọ́ọ̀dù kún ilé ìtajà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè ti máńdólìn, àpò fayolíìnì ni wọn yóò gbé síwájú yín, wọn yóò sì búra pé bákan náà ni. Ní ti ohùn okùn, òótọ́ ni pé G, D, A àti E ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n okùn máńdólìn jẹ́ mẹ́jọ ní méjìméjì, orí tó gbé wọn fẹ̀ ju ti fayolíìnì lọ, ikùn rẹ̀ kò sì ní ìbàdí tó fún. Ó yani lẹ́nu pé bẹ́ẹ̀ ló rí ní ìlú tí bánjò àti máńdólìn ti wà lọ́wọ́ àwọn olórin kí Àyìndé Bákàrè, olórin jùjú, tó so gìtá rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ gbóhùngbóhùn ní ọdún 1949. Àpótí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ṣe ni mo ní kí wọ́n bá mi hun ún ní àdúgbò àwọn oníṣẹ́ pankẹ́rẹ́ ní Mẹ́ńdè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Maryland, mo sì ti ń lò ó láti ìgbà òjò tó kọjá.

Káfíńtà kan ní Mushin ti kọ́kọ́ fi pákó arère ṣe ọ̀kan fún mi. Arère fúyẹ́ púpọ̀ láàárín àwọn igi wa, iṣẹ́ náà sì lágbára, àmọ́ ó jọ pósí ọmọ ọwọ́ débi pé obìnrin kan dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ọkọ̀ BRT. Èyí kò dùn mí tó inú rẹ̀, tó jẹ́ pé lẹ́dà onírọ́bà ni káfíńtà fi bo fóòmù. Ọ̀pọ̀ máńdólìn àtijọ́ ni wọ́n fi ọ̀dà nitrocellulose kùn, ọ̀dà yìí kì í sì í bá rọ́bà rẹ́. Bí wọ́n bá fara kan ara wọn pẹ́, ọ̀dà náà yóò rọ̀, yóò sì lẹ̀ mọ́ rọ́bà. Nítorí náà ni mo ṣe kọjá sí Mẹ́ńdè.

Bàbá tó hun èyí fún mi kò rí máńdólìn rí. Mo fi àwòrán inú fóònù hàn wọ́n, wọ́n sì mi orí, wọ́n ní, “Bùọ̀dá, fọ́tò ò ní ọrùn tí mo lè dì mú. Ẹ gbé òun fúnra rẹ̀ wá.” Nígbà tí mo gbé e dé, wọ́n tẹ́ bébà àpò síméńtì sílẹ̀, wọ́n gbé máńdólìn lé e, wọ́n sì fi pẹ́ńsùlù fa ilà yí i ká pẹ̀lú àlàfo tó tó ìbú ìka kan. Pankẹ́rẹ́ tó nípọn ni wọ́n fi ṣe egungun rẹ̀: wọ́n fi iná gáàsì rà á lára títí ó fi rọ̀, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ tẹ̀ lé ilà yẹn. Èyí tí wọ́n là wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì ti rẹ sínú omi, ni wọ́n fi hun ara rẹ̀. Ojú ìṣó kankan kò hàn síta, torí gbogbo oríkèé ni wọ́n fi pankẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wé.

Ohun tó ń ba máńdólìn jẹ́ nínú àpótí kò ju méjì lọ. Èkíní ni ọrùn. Orí máńdólìn tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹ̀yìn orí yìí bá sì kan ìsàlẹ̀ àpótí, ọjọ́ tí àpótí bá já bọ́ ni ọrùn yóò kán níbi tó ti tín-ín-rín jù lọ. Ó yẹ kí ìrọ̀rí kan gbé ọrùn dúró níbi tó ti so mọ́ ikùn, kí orí má fara kan nǹkan kan. Èkejì ni igi kékeré tó gbé okùn ró lórí ikùn, èyí tí kò sí àtè kankan lábẹ́ rẹ̀. Agbára okùn nìkan ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bí ìdérí bá sì ń tì í, yóò kúrò ní ààyè rẹ̀, ohùn yóò sì dàrú. Bàbá fi ìka tọ́ igi yìí, wọ́n ní, “Èyí ò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan o, ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Wọn kò béèrè nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà lọ gbé iṣẹ́, wọ́n ti tẹ àárín ìdérí sókè, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ mi wọ àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti igi náà wẹ́rẹ́. Nínú àwọn àpótí olówó gọbọi tí mo ti rí, àwọn kan wà tí kò ní irú àlàfo yẹn.

Aṣọ inú rẹ̀, èmi ni mo rà á: àrán láti Balógun, pẹ̀lú òwú dípò fóòmù. Télọ̀ àdúgbò mi ló rán an.

Ìdí gan-an tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ju ti pákó lọ ni afẹ́fẹ́. Àwọn tó ń ṣe ohun èlò olókùn máa ń fẹ́ kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wà láàárín ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Èkó lásìkò òjò, ó sábà máa ń kọjá 80. Pankẹ́rẹ́ kò lè dín ọ̀rinrin Èkó kù, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń tajà ni, ṣùgbọ́n òógùn ọwọ́ àti omi tó bá tẹ̀ lé máńdólìn wọlé ń rí ọ̀nà jáde. Nínú àpótí pákó tó dé pinpin, èbù funfun ń hù sára awọ tí mo fi ń gbé máńdólìn kọ́rùn, okùn sì ń tètè dógùn-ún. Méjèèjì ti dín kù gidigidi. Nígbà ọyẹ́, ìhà kejì ọ̀rọ̀ náà ni ẹ óò rí, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbẹ náà ń wọlé bó ṣe wù ú.

Àléébù rẹ̀ kò kéré. Òjò ń wọ inú rẹ̀, nítorí náà mo ní láti rán ìbora tápólì fún un, èyí tó bo gbogbo ẹwà iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀ ní àsìkò tí àwọn ènìyàn ìbá máa wò ó. Ó ń dún kẹ́kẹ́ tí mo bá ń rìn. Ẹnu ìṣó bíi mélòó kan yọ sínú, wọn ìbá sì ti ha ẹ̀yìn máńdólìn bí kì í bá ṣe òwú. Kí ẹ fi ìka wá wọn kí ẹ tó san àṣẹ́kù owó. Ìdè aláwọ tí wọ́n fi ń tì í ti ń fà. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò ti wọ pankẹ́rẹ́ nìyẹn, ẹ ní kí wọ́n pa kòkòrò náà kí wọ́n tó tún fi fáníìṣì kùn ún. Nínú dánfó láti Yábà dé Òníkan, lórí itan mi ló máa ń wà. Ìfúnpọ̀ èrò kò ṣe é ní nǹkan kan, torí pankẹ́rẹ́ ń tẹ̀, ó sì ń padà, ṣùgbọ́n mi ò lè fi í sí búùtù ọkọ̀ kí wọ́n to àpò ìrẹsì lé e.

Tèmi jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní A, tí ikùn rẹ̀ kò ní ọ̀ṣọ́ tó yọ síta, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ́jú. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ F, tó ní igi tó ká bí ìkarahun ìgbín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, kí ó ní kí wọ́n fi ààyè sílẹ̀ níbẹ̀. Irú ti Naples, ìlú kan ní Ítálì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí róbótó yóò nílò ìsàlẹ̀ tó jìn gan-an àti ìrọ̀rí tí kò ní jẹ́ kó máa yí. Owó tí mo san, pẹ̀lú àrán àti télọ̀, kò tó owó tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ mi láti fi ọkọ̀ òfuurufú gbé àpótí wá láti Amẹ́ríkà. Ìdajì ni kí ẹ fi ṣe àsanlẹ̀, kí ẹ sì máa pè wọ́n léraléra, nítorí àwọn tó ń ra àga ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn.