Awò bébà, gíláàsì wẹ́dà tàbí ike oníhò: èwo ni kí ẹ rà de òrùka oòrùn 2027?

Ọjọ́ Sátidé, 6 oṣù Kejì ọdún 2027, òṣùpá máa gba iwájú oòrùn kọjá, àmọ́ kò ní bò ó tán. Etí oòrùn á yọ yí i ká bí òrùka. Láti Chile àti Argentina ni òjìji náà ti ń bọ̀. Á sọdá òkun, á gba etíkun Ivory Coast, Ghana, Togo àti Benin wọ Nàìjíríà ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti ń lọ wọ̀. Ẹni tí kò bá sí lójú ọ̀nà rẹ̀ gan-an á rí oòrùn tó dà bí ohun tí a bù jẹ. Sátidé nìyẹn o, ọ̀pọ̀ á ti wà lóde ìnáwó tẹ́lẹ̀. Bí ẹgbẹ́ tàbí àdúgbò yín bá fẹ́ kóra jọ wò ó, ohun tí ẹ máa fi wò ó ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ọ̀rọ̀ kánópì àti àga tó wọlé.

Ní 29 oṣù Kẹta 2006, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn, abọ́ omi la gbé sí àárín ọgbà tiwa, gbogbo wa sì bẹ̀rẹ̀ yí i ká. Ẹnì kan mú fọ́tò ẹ̀sìréè ìyá rẹ̀ wá, a ń gbà á lọ́wọ́ ara wa. Ọlọ́run ló yọ wá. Omi a máa ta ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà sójú. Fọ́tò ẹ̀sìréè dúdú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtànṣán tí ojú kò rí ń gba inú rẹ̀ kọjá. Inú ẹyinjú kì í sì í ro èèyàn bí oòrùn bá ń jó o. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan lèèyàn á ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé àárín ohun tóun ń wò ti ṣú. Nítorí náà, awò dúdú tí a fi ń ṣe fáàrí, síídì, gíláàsì tí a fi èéfín kùn: ẹ má ná kọ́bọ̀ lé wọn.

Nínú èyí tó ṣeé rà, awò bébà ni mo fara mọ́ fún èrò púpọ̀. Páálí ni férémù rẹ̀, ọ̀rá dúdú ni ojú rẹ̀, kò sì wúwo. ISO 12312-2, ìyẹn nọ́ńbà ìlànà àgbáyé fún awò tí a fi ń wo oòrùn, ni ẹ máa wá lára rẹ̀. Ọdún 2015 ni ìlànà náà jáde, nítorí náà èyí tí ẹ tọ́jú láti 2006 kò sí lábẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ta ni kò lè tẹ nọ́ńbà sára páálí? Ní 2017, kí òṣùpá tó bo oòrùn ní Amẹ́ríkà, Amazon, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, dá owó padà fún àwọn tó ra awò tí wọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ojúlówó ni. Ẹ wọ̀ ọ́ nínú ilé: bí ẹ bá ṣì ń rí àga tàbí ojú ẹni tó wà níwájú yín, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà. Gílóòbù tó mọ́lẹ̀ gan-an nìkan ló lè hàn bàìbàì. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sókè sí iná kí ẹ wò ó bóyá ó ti ha tàbí ó lu. Èyí tó bá ha, ẹ gé e sí méjì kí ọmọdé má baà mú un.

Gíláàsì wẹ́dà le jù ú lọ, kì í tètè ha, oòrùn inú rẹ̀ sì máa ń ní àwọ̀ ewé. Wàhálà rẹ̀ ni nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe ṣókùnkùn tó. Ó kéré tán, kí ó jẹ́ 12. Èyí tí àwọn wẹ́dà sì fi ń ṣiṣẹ́ ojoojúmọ́ sábà máa ń jẹ́ 10 tàbí 11. Ẹ wo igun gíláàsì náà, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Bí kò bá sí nọ́ńbà, ẹ fi sílẹ̀. Fún oòrùn ọ̀sán gangan, 14 ni mo máa mú. Fún ti ìrọ̀lẹ́ yìí, tí eruku ọyẹ́ tún lè wà lójú ọ̀run, 14 lè ṣókùnkùn jù. 12 tàbí 13 á dára jù. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń lò ó lẹ́ẹ̀kan, bó bá já bọ́, ó ti fọ́ nìyẹn.

Ike oníhò tí ẹ fi ń gbọ́n ìrẹsì kò ná yín ní nǹkan kan. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, kí ìmọ́lẹ̀ gba inú ihò náà kọjá, ihò kọ̀ọ̀kan á ya oòrùn kékeré kan. Bí ike bá fi mítà 1 jìnnà, àwòrán náà á tó mìlímítà 9; bó bá di mítà 3, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 3. Ilẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ya á sí, àmọ́ oòrùn tó ń wọ̀ kò ní í tàn wá láti òkè, nítorí náà ògiri funfun tàbí aṣọ tí a ta ni kí ẹ lò. Bí ọyẹ́ bá mú, á ṣe bàìbàì. Àwọn ọmọ á gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó fún gbogbo ìpàdé.

Awò awọ̀nàjíjìn ńkọ́? Bí ẹ kò bá ní i tẹ́lẹ̀, ẹ má rà á nítorí ìrọ̀lẹ́ kan. Ẹni tó bá ní i, ìbòjú oòrùn gbọ́dọ̀ wà ní ẹnu rẹ̀ tó kọjú sí oòrùn, kì í ṣe ní ibi tí ojú ń wò. Ẹ má sì wọ awò bébà kí ẹ tún gbé bìnọ́kúlà sójú: ìmọ́lẹ̀ tó kó jọ á jó ọ̀rá náà, á sì jó ojú.

Ohun kan tó yà ti 2027 sọ́tọ̀ ni pé òrùka kì í ṣe òkùnkùn. Níbi tí òṣùpá ti bo oòrùn tán ní 2006, awò ṣeé bọ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ní í ṣeé bọ́ rárá. Oòrùn á ti pọ́n, á ti rọ̀, á dà bí ohun tí kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n á ti máa sọ pé “ẹ jẹ́ ká bọ́ ọ”. Ẹ fi ẹnì kan ṣọ́ àwọn ọmọdé.

Iye tí ẹ máa rà: èèyàn mẹ́ta lè pín awò kan nígbà tí òṣùpá ṣì ń wọlé, nítorí ó máa ń lé ní wákàtí kan. Tí òrùka bá dé, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà fún ẹnì kejì. Bí agbára bá wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni. Kí ẹ tó ra tuntun, ẹ bi àwọn ará yín ní Lọ́ńdọ̀nù àti Spain: 12 oṣù Kẹjọ 2026 ni tiwọn, awò tí wọ́n bá sì lò tí kò ha ṣì dára. Ẹ ní kí wọ́n fi sínú ẹrù Kérésìmesì.

Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ lọ dúró síbi tí ẹ fẹ́ lò ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wo ibi tí oòrùn ń sọ̀ sí. Bí ilé pẹtẹ́ẹ̀sì tàbí igi bá dí i, ẹ yáa wá ibòmíì.