Ultrasonic wo ló yẹ kẹ́ ẹ rà fún kábúrétọ̀ àti irin kéékèèké? Ìfiwéra fún oníṣẹ́ ọwọ́ Ìbàdàn

Kábúrétọ̀ jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sílẹ̀ tepo-tepo fún oṣù mẹ́ta, ẹni tó bá ti tú u rí á mọ ohun tó máa ń bá nínú rẹ̀. Epo á ti gbẹ, á ti di nǹkan pupa rúsúrúsú tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, á sì ti dí jẹ́ẹ̀tì kékeré pa. Ihò jẹ́ẹ̀tì yìí kò tó ìdajì mìlímítà. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á fa ẹyọ kan yọ nínú wáyà kíláàṣì ọ̀kadà, wọ́n á fi gún un. Idẹ ni jẹ́ẹ̀tì, irin ni wáyà. Tí wọ́n bá gún un lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ihò á fẹ̀, jẹnẹrétọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín dúdú, oníbàárà á sì padà wá sọ fún yín pé epo ń lọ ju ti tẹ́lẹ̀.

Ìdí tí àwọn oníṣẹ́ jẹnẹrétọ̀, ọ̀kadà àti máṣíìnì ìránṣọ fi ń béèrè ẹ̀rọ ultrasonic nìyẹn. Ọpọ́n irin tí kì í dípẹtà ni. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi gúlúù lẹ àwọn orí tó ń gbọ̀n mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gbọ̀n ní ìgbà 40,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbígbọ̀n yẹn ló ń dá ìhó wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí sínú omi. Bí wọ́n ṣe ń bẹ́ mọ́ ara irin ni wọ́n ń ṣí ìdọ̀tí kúrò, títí kan inú ihò tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè wọ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan lára àwọn tó ń sọ ẹ̀rọ ayò pinball àtijọ́ dọ̀tun máa ń kó skúrù àti irin inú rẹ̀ sínú ultrasonic kí wọ́n tó tò ó padà. Iṣẹ́ kan náà ni pẹ̀lú tiwa, àfi pé tiwọn kò rùn epo.

Ẹni tó ń tà á máa fẹ́ kẹ́ ẹ gbà pé èyí tó tóbi jù ló dáa jù. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí irin tí ẹ ń fọ̀ jù ṣe gùn tó, tó sì ga tó, àti irú iná tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yín, àwọn ló yẹ kó yan ẹ̀rọ fún yín. Èyí ni bí àwọn tó wọ́pọ̀ jù láti Ṣáínà ṣe rí tí a bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn:

| | Lítà 2 | Lítà 3.2 | Lítà 6.5 | Lítà 10 |
|---|---|---|---|---|
| Inú ọpọ́n: gígùn, ìbú, jíjìn (sẹ̀ǹtímítà) | 15 × 13.5 × 10 | 24 × 13.5 × 10 | 30 × 15 × 15 | 30 × 24 × 15 |
| Wáàtì orí tó ń gbọ̀n | 60 | 120 | 180 | 240 |
| Iye orí | 1 | 2 | 3 | 4 |
| Ẹ̀rọ tó ń da omi nù lábẹ́ | kì í sábà ní | kì í sábà ní | sábà máa ń ní | sábà máa ń ní |

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Lítà 10 kò gùn ju lítà 6.5 lọ, kò sì jìn jù ú lọ. Ìbú nìkan ni ẹ fi owó kún. Ẹni tó ní ọ̀pá tàbí páìpù tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 45, kò sí èyí tó máa gbà á nínú méjèèjì. Lítà 10 dáa fún ẹni tó ń fọ kábúrétọ̀ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí mẹkáníìkì tó ń fọ throttle body mọ́tò (ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì). Tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ni kábúrétọ̀ ń wọlé wá bá yín, ẹ óò kàn máa gbé omi lítà 9 kaná nítorí irin kan ṣoṣo ni.

Ní ti lítà 3.2, jíjìn rẹ̀ ló ń da nǹkan rú. Sẹ̀ǹtímítà 10 ló wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ẹ ò lè bu omi dé etí, agbọ̀n wáyà tí irin ń jókòó lé sì tún gbé e kúrò nílẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù kò ju nǹkan bíi 7 lọ. Tí ẹ bá tú kábúrétọ̀ ọ̀kadà palẹ̀ pátá, ó máa wọ̀ ọ́, ẹ kàn máa yí i padà kí ìdajì kejì náà mumi. Ti jẹnẹrétọ̀ kékeré kò tiẹ̀ ní wàhálà kankan. Lítà 6.5 ló máa gba ti ọ̀kadà ní ìdúró láìsí pé ẹ ń yí nǹkan kan, àyè á sì tún wà fún skúrù àti abọ́ epo rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan fún oníṣẹ́ tó ń ṣe jẹnẹrétọ̀ àti ọ̀kadà pọ̀, èyí ni mo máa mú.

Àwọn kékeré tí wọ́n fi ń fọ awò ojú àti wúrà ńkọ́, àwọn tó gba nǹkan bíi mílílítà 600 pẹ̀lú wáàtì 35? Kì í ṣe nǹkan ìṣeré. Jẹ́ẹ̀tì, ilé bọ́bìn àti ṣọ́tù máṣíìnì Singer tàbí Butterfly máa mọ́ nínú rẹ̀. Kò ní hítà, ó sì máa ń pa ara rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí náà ẹ óò máa tẹ̀ ẹ́ léraléra ni. Alátùn-únṣe máṣíìnì ìránṣọ kò nílò jù ú lọ. Èyí tí ẹ máa yẹra fún ni àwọn oníke fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń lo bátìrì tàbí okùn USB: mọ́tò kékeré tó ń jó nìkan ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n kàn kọ "ultrasonic" sára rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ iná, torí iná ló ń ba ẹ̀rọ yìí jẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ ní Ìbàdàn ju ohunkóhun mìíràn lọ. Wáàtì méjì ló wà lára rẹ̀: ti orí tó ń gbọ̀n, àti ti hítà. Àwọn kan máa ń ro méjèèjì pọ̀, wọ́n á wá kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé 480W. Ẹ ò sì ní mọ̀ pé 180 péré ló ń fọ nǹkan, 300 yòókù kàn ń gbé omi kaná ni. Ẹ béèrè iye orí tó wà lábẹ́ ọpọ́n àti wáàtì orí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń tà á dá yín lóhùn lójú ẹsẹ̀.

Omi gbígbóná ń ṣiṣẹ́ ju omi tútù lọ, nǹkan bíi dígírì 50 sí 65 ló sì dáa jù. Tó bá ti ń sún mọ́ híhó, agbára ìhó wẹ́wẹ́ yẹn á máa rọ̀ ni, nítorí náà kò sí èrè nínú kó ya gbọ̀ọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: hítà 200 wáàtì máa lò ju wákàtí kan lọ kó tó gbé omi lítà 6 láti dígírì 25 dé 60. Ní Ọjà Ọba tàbí Apẹtẹ, ta ló dá a lójú pé NEPA ò ní mú un láàárín? Ẹ gbé kẹ́tù lé orí gáàsì. Ìdajì omi híhó, ìdajì omi ẹ̀rọ, ẹ pò ó pọ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó dà á sínú ọpọ́n. Ó máa bọ́ sí nǹkan bíi dígírì 60 gẹ́lẹ́. Ẹ má da omi híhó gan-an sínú rẹ̀ tààrà, gúlúù tó di àwọn orí yẹn mú kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, 120 tàbí 180 wáàtì péré lẹ máa lò, èyí tí I-better-pass-my-neighbour máa gbé láìmí fúkẹ́fúkẹ́. Lítà 10 tó tan hítà máa jẹ nǹkan bíi 500, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo agbára jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn, láìtíì tan gílóòbù kan. Ní ti inverter, pure sine wave ni kẹ́ ẹ lò, èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi ti NEPA.

Onílílọ́ tàbí onítẹ̀ (onídígítà)? Onílílọ́. Ọwọ́ olóróró àti omi ọṣẹ máa ń ba ojú dígítà jẹ́ kíákíá, nígbà tí bọ́tìnnì tí à ń lọ́ kò gbówó lórí láti pààrọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ràn lára onídígítà ni bọ́tìnnì "degas" tó ń lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú omi tuntun, àmọ́ tí ẹ bá tan onílílọ́ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10 láìfi irin sí i, iṣẹ́ kan náà ló ṣe. Tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ nípa èyí tó ń gbọ̀n ní 28,000, ìyẹn le ju 40,000 lọ, ti àwọn tó ń fọ irin ẹ́ńjìnnì ńláńlá ni, kì í ṣe fún jẹ́ẹ̀tì.

Tọ́kunbọ̀ lè yọ níbi tí ẹ ò rò, lára ẹrù tí ilé ìwòsàn tàbí láàbù òkè òkun kó dànù. Orúkọ méjì tó yẹ kó mú yín dúró ni Elma ti Jámánì àti Branson ti Amẹ́ríkà. Elmasonic S ń gbọ̀n ní 37,000. S 30 gba lítà 2.75, S 60 gba 5.75, S 100 gba 9.5, tí lẹ́tà H bá sì wà lẹ́yìn nọ́mbà, hítà wà níbẹ̀. Bí ọpọ́n rẹ̀ bá ṣì dán, mo máa gba Elma tó ti pẹ́ ju lítà 3.2 tuntun lọ. Ṣùgbọ́n ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: ẹ ka àmì ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tó wá láti Amẹ́ríkà ló jẹ́ 110 sí 120 vóòtì. Tí ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa, ó ti jóná nìyẹn. Owó tírànsífọ́mà gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò yín. Ẹ tún fi ọwọ́ ra ìsàlẹ̀ ọpọ́n. Tó bá ti rí ṣákaṣàka, tó ní kòtò wínníwínní, ìgbọ̀n ti ń jẹ irin náà lọ, ọjọ́ tó bá dá lu, omi máa kán sórí iná tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa dà sínú rẹ̀ náà wà lára owó rírà. Ẹ má da bẹntiróòlù, tínà tàbí kẹrosíìnì sínú ọpọ́n láé. Mo mọ̀ pé ohun tí ọwọ́ wa mọ̀ nìyẹn, abọ́ bẹntiróòlù kì í wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná, tí iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì wà lábẹ́ rẹ̀, tó ń gbọn ooru epo jáde sínú ṣọ́ọ̀bù páànù kékeré, ilé jíjó ló ń wá. Ẹ má lo sódà tí àwọn ọlọ́ṣẹ ń lò náà. Ara àlùmíníọ̀mù ni kábúrétọ̀, sódà máa sọ ọ́ di dúdú, á sì máa jẹ ẹ́. Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, ìdérí díẹ̀ nínú omi gbígbóná, máa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Tí ẹ bá fẹ́ ra oògùn tó ń ṣí òróró kúrò, tó lágbára, ẹ wò ó lára gálọ́ọ̀nù bóyá wọ́n kọ ọ́ pé kò léwu fún àlùmíníọ̀mù.

Ẹ yọ gbogbo rọ́bà kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Irin kò gbọdọ̀ jókòó sórí ìsàlẹ̀ ọpọ́n, agbọ̀n ni àyè rẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ yí i, ẹ tún un ṣe. Ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án, kẹ́ ẹ wá gbé e lọ sọ́dọ̀ fọ́kánáísà tó wà ní ìtòsí kó fẹ́ atẹ́gùn sí gbogbo ihò rẹ̀; omi tó bá kù nínú jẹ́ẹ̀tì kò yàtọ̀ sí ìdọ̀tí. Irin lásán, ẹ ta òróró sí i lójú ẹsẹ̀, torí pé láàárín wákàtí díẹ̀ ló máa dípẹtà. Oníṣẹ́ fóònù tó bá ń kà á, ẹ yọ kámẹ́rà àti maikrofóònù kúrò lára bọ́ọ̀dù o.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ sanwó, yálà ní Dugbẹ̀ ni tàbí Gate, ẹ mú fọ́ìlì tí a fi ń bo oúnjẹ lọ́wọ́. Ẹ ní kí wọ́n bu omi sí ẹ̀rọ náà, kí wọ́n kán ọṣẹ sí i, kí wọ́n tan án díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ wá gé fọ́ìlì kan tó gùn tó inú ọpọ́n, ẹ di orí rẹ̀ mú, kó wọ inú omi ní ìdúró láìkan ìsàlẹ̀, fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ fà á jáde, ẹ gbé e sí ojú oòrùn. Èyí tó dáa, fọ́ìlì á ti hunjọ, á ti lu ihò tínńtín káàkiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tí apá kan bá lu tí apá kejì ṣì ń dán, orí kan ti kú lábẹ́ ibẹ̀. A jẹ́ pé orí mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ yín, méjì ló ń ṣiṣẹ́. Tí kò bá sí ihò kankan, mọ́tò lásán ló ń jó nínú rẹ̀. Wọ́n lè sọ pé omi ò gbọdọ̀ kan ọjà tuntun. Ọpọ́n omi ni o, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.