Corolla, Yaris, Camry àbí Prius: èwo ni kò ní jẹ́ kí owó epo há yín lọ́rùn?

Kí ó tó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ orí epo mọ́, lítà bẹntiróòlù kan kò pé 200 náírà ní ilé epo ìjọba l'Ékòó. Ẹni tó bá ń wá ọkọ̀ rà nígbà yẹn, bí bọ́dì ṣe ń dán àti bí ẹ́sì ṣe ń tutù ló kọ́kọ́ ń wò. Kí ọdún 2024 tó parí, lítà kan ti ń jà sí 1,000 náírà, ó tilẹ̀ ti kọjá bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Láti ìgbà náà, "Ṣé kì í mu epo?" ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí oníbàárà ń bi olùtajà. Ìdáhùn wọn kì í sì í yàtọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, kì í mu epo rárá, ṣe ló kàn ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò." Ìṣirò nìkan ló lè sọ bóyá òótọ́ ni.

Iye tí kálukú wọn ń mu

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti lo ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó wà lọ́jà wa, èyí sì ṣe wá láǹfààní kan. Ìjọba ibẹ̀ a máa wọn iye epo tí irú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń mu, ẹnikẹ́ni ló sì lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ ní fueleconomy.gov. Máìlì àti gálọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń kà á. Mo ti yí i sí lítà fún 100 kìlómítà, mo sì sún un sí ìdajì lítà tó súnmọ́ ọn jù. Ọ̀tọ́mátíìkì ni gbogbo wọn, ìrìn ìlú àti ti títì márosẹ̀ ni mo sì pò pọ̀:

- Toyota Prius, 2004 sí 2009: nǹkan bíi lítà 5
- Toyota Yaris 1.5, 2007 sí 2011: lítà 7 àbọ̀
- Toyota Corolla 1.8, 2003 sí 2008: lítà 8
- Toyota Camry 2.4 (èyí tí a ń pè ní Muscle), 2007 sí 2009: lítà 9 àbọ̀
- Honda Accord V6 (ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́fà), 2003 sí 2007: lítà 11

Ká ní ẹ ń rin 1,000 kìlómítà lóṣù, kí lítà kan sì jẹ́ 1,000 náírà kí ìṣirò má baà le. Prius yóò gba 50,000 náírà lọ́wọ́ yín, Yaris 75,000, Corolla 80,000, Camry 95,000, Accord V6 110,000. Bí owó epo bá lọ sókè tàbí tó wálẹ̀, ẹ yí i bó ṣe yẹ.

Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín Yaris àti Corolla dáadáa. 5,000 náírà péré ni lóṣù, 60,000 lọ́dún. Bí olùtajà bá fi 400,000 náírà lé Yaris lórí nítorí pé "ọkọ̀ kékeré" ni, ẹ ó wà á ju ọdún mẹ́fà lọ kí epo tó dá owó yẹn padà. Àmọ́ 30,000 lóṣù ni Accord V6 fi ju Corolla lọ, ìyẹn 360,000 náírà lọ́dún, láìtíì ra táyà kan ṣoṣo.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kétu kò sí nínú ìwọ̀n yẹn o. Bí ó bá jẹ́ ìrìn ìlú nìkan, Corolla á tó lítà 9, Camry á lé ní 11, Accord V6 á lọ sí 13. Prius nìkan ni ìlú kò ṣe nǹkan kan: bí ẹ bá dúró tàbí tí ẹ ń rákò, ẹ́ńjìnì rẹ̀ a paná, bátìrì á máa wọ́ ọ lọ.

Corolla tàbí Yaris

Èmi gbà pé Corolla ló yẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn, kì í sì í ṣe nítorí epo. Kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ inú rẹ̀. Páàtì rẹ̀ kún Ládípọ̀ ní Múṣin, ó kún Gate n'Ìbàdàn, yálà tuntun tàbí èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ míì. Ṣéènì ló ń yí inú ẹ́ńjìnì rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì tí ẹ ó máa pààrọ̀. Mọ̀lẹ́bí ẹlẹ́ni márùn-ún lè jókòó sí i kí orúnkún má wọ ẹ̀yìn ẹni iwájú.

Àléébù tó ní ni pé àwọn tí wọ́n ṣe kó tó di 2005 mọ ọ́ọ̀lì í jẹ. Ríìngì písítìnnì wọn ni kì í gbá ọ́ọ̀lì dáadáa. Ẹ fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ọ̀lì jáde kí ẹ́ńjìnì tó gbóná: bí ọ́ọ̀lì bá wà nísàlẹ̀ àmì, tí olùtajà sì ní "ṣe ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé", ẹ bèèrè ìgbà tó rọ ọ́ọ̀lì gbẹ̀yìn. Ẹ ní kí ẹnì kan tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn nígbà tí ẹ dúró sẹ́yìn. Èéfín aláwọ̀ búlúù tó ń ti sẹ́lẹ́ńsà jáde, ọ́ọ̀lì ló ń jó yẹn. Tí owó yín bá ká a, 2006 sí 2008 ni kí ẹ wá.

Yaris fúyẹ́, kò ṣòro fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀, ó sì rọrùn láti páàkì láàárín ọjà. Àárín dáṣíbọ́ọ̀dù ni wọ́n gbé aago rẹ̀ sí, kì í ṣe iwájú awakọ̀. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀, èmi kò rí ìdí rẹ̀. Ẹnìkan tàbí tọkọtaya tó ní ọmọ kan ló bá mu. Ìyá tó ń kó ẹrù lọ sọ́jà Bódìjà láràárọ̀ kò ní gbádùn rẹ̀.

Corolla ní ọmọ ìyá méjì tí ọ̀pọ̀ kì í bojú wò. Matrix ni ọ̀kan, ẹ́ńjìnì 1.8 kan náà, ẹ̀yìn tó ṣí bíi ti jíìpù, epo tó fi díẹ̀ ju ti Corolla lọ. Èkejì ni Pontiac Vibe. Orúkọ Pontiac máa ń lé àwọn ènìyàn sá, ilé iṣẹ́ náà sì ti kógbá wọlé láti 2010. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì Vibe 2003 sí 2008, ẹ́ńjìnì Toyota tó wà nínú Corolla ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ẹni tí kò bá bìkítà nípa orúkọ lè ná an dáadáa.

Camry, Accord àti Prius

Camry Muscle tuni lára, ó sì gbayì lójú àwọn àna. Bí ẹ bá ń rin Èkó sí Ìbàdàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ó mọyì rẹ̀. Ẹ́ńjìnì 2.4 ni kí ẹ rà, kì í ṣe V6. Síbẹ̀, 2.4 ti 2007 sí 2009 náà ní àìsàn jíjẹ ọ́ọ̀lì, débi pé Toyota fi ọdún kún ìdánilójú tó fún àwọn oníbàárà rẹ̀ l'Amẹ́ríkà nítorí rẹ̀. Accord 2.4 kò burú, ẹ́ńjìnì rẹ̀ lágbára. V6 rẹ̀ ni kí ẹ sá fún: yàtọ̀ sí epo, bẹ́líìtì ló ń lò, jíà ti 2003 àti 2004 sì wà lára èyí tí Honda fúnra rẹ̀ pè padà fún àtúnṣe lọ́dún 2004.

Ní ti Prius, lítà 5 yẹn wọ ojú gan-an. Ṣùgbọ́n bátìrì ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ooru wa kò sì ṣe é lóore. Fáànù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn tó ń tu bátìrì náà lára. Bí eruku bá dí i, bátìrì á jó ara rẹ̀ pa díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ kò bá ní ẹni tó mọ iṣẹ́ bátìrì yìí ní ìlú yín, owó epo tí ẹ fi pamọ́ lè bá a lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Tòkunbọ̀ tàbí èyí tí wọ́n ti lò níbí

Èyí tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà dínwó, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ń sọ ọ́ di ọ̀mùtí epo: ọwọ́ àwọn mẹkáníìkì wa. Bí ọkọ̀ bá gbóná jù lẹ́ẹ̀kan, èyí tó pọ̀ nínú wọn á yọ thermostat (ohun kékeré tó ń darí omi tó ń tu ẹ́ńjìnì lára) dànù, wọ́n á so fáànù tààrà kó lè máa yí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Gbígbóná á dúró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì kò ní gbóná tó bó ṣe yẹ mọ́, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni, á sì máa rọ epo sí i ṣáá. Corolla bẹ́ẹ̀ lè mu ju Camry tó gbádùn lọ. Ẹ sítáàtì rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì tutù, ẹ wo ọwọ́ ìgbóná: bí ẹ bá wà á fún ogún ìṣẹ́jú tí kò kúrò nísàlẹ̀, tàbí tí fáànù ń pariwo látìgbà tí ẹ ti sítáàtì rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ thermostat tàbí kí wọ́n ti so fáànù tààrà.

Ẹ ṣọ́ iná tó ní àwòrán ẹ́ńjìnì náà. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì sítáàtì ẹ́ńjìnì, ó gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì bá dáhùn. Bí kò bá tàn rárá, ẹnì kan ti pa á. Ẹ gbé rewáyà tó ní ẹ̀rọ ìyẹ̀wò dání, kó fi sí abẹ́ sítíà, kó sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn tí ẹ bá ti wà á yíká, torí wọ́n a máa nu àṣìṣe kúrò kí oníbàárà tó dé.

Tòkunbọ̀ náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé òpin: bí ẹrẹ̀ tàbí àbàwọ́n omi bá wà ní ìdí rẹ̀, ọkọ̀ tí omíyalé gbé ni. Ọ̀pọ̀ Corolla 2003 ni wọ́n ti pààrọ̀ iná iwájú rẹ̀ kó lè jọ 2008. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú kò ṣeé fi iná tuntun bò: ìkẹwàá wọn ni ọdún, 3 jẹ́ 2003, 8 jẹ́ 2008. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2T1, Kánádà ni wọ́n ti ṣe Corolla náà. JTD ti Yaris, Japan ni. Ẹ tẹ nọ́ńbà yìí sí nhtsa.gov (ojúlé ìjọba Amẹ́ríkà lórí ààbò ọkọ̀) pẹ̀lú, kí ẹ lè mọ̀ bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́àbáàgì tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe, nítorí Corolla àti Accord ọdún wọ̀nyí wà lára èyí tí wọ́n pè padà, ó sì ti pa ènìyàn.

Ìwé ló kù. Láti oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ibodè orí ilẹ̀ wọlé, síbẹ̀ ọkọ̀ tó sọ̀ sí èbúté Kútọnu ṣì ń rí ọ̀nà gbà. Bí iye tí wọ́n pè bá kéré ju ti àwọn tó wà ní ọjà ọkọ̀ Berger lọ́nà Òṣòdì sí Àpápá lọ lọ́nà àrà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ owó Kọ́sítọ́ọ̀mù ni wọn kò san, lọ́wọ́ yín ni àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù á sì ti gba ọkọ̀ náà lójú títì. Ẹ ní kí wọ́n gbé ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù wá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an, kí ẹ fi nọ́ńbà 17 tó wà nínú rẹ̀ wé ti ara ọkọ̀. Bí olùtajà bá ní òun á "bá yín ṣe é lẹ́yìn ìgbà tí ẹ bá sanwó", ẹ dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà fún un.