Yeong-hye, obìnrin tó fẹ́ di igi
Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ka The Vegetarian (ẹni tí kì í jẹ ẹran), ìwé ìtàn àròsọ Han Kang, ọmọ Kòríà tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2024. Yeong-hye lá àlá, ó kó gbogbo ẹran inú fíríìjì dànù. Ojú ọkọ rẹ̀ la kọ́kọ́ fi rí i, lẹ́yìn náà ojú ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Apá yẹn gùn jù fún mi. Níbi tí bàbá Yeong-hye ti gbá a létí, tó ń ki ẹran bọ̀ ọ́ lẹ́nu níwájú ẹbí, mo pa ìwé dé, mo lọ mu omi. Ṣùgbọ́n apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, In-hye, ló mú mi sunkún: ó gbé èso lọ sí ilé ìwòsàn fún àbúrò tó ń fọwọ́ dúró, tó gbẹ́sẹ̀ sókè, tó ní òun ti ń ta gbòǹgbò. Èmi náà lábùúrò. Ẹ rà á.