Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta họ́ọ̀nù máṣíìnì, tí wọ́n tún ní àwọn máa bá yín so ó lọ́fẹ̀ẹ́

Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi máṣíìnì gbé ẹrù àti oúnjẹ kiri, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Iṣẹ́ rewáyà ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn, máṣíìnì ni mo sì ń tún ṣe jù. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé àìsàn kan náà wá bá mi: họ́ọ̀nù tuntun tó dún ní ìsọ̀ tó dákẹ́ nílé, súwíìṣì tó ti yọ́, wáyà tó ti jóná lábẹ́ táǹkì. N kò ní dárúkọ ìsọ̀ kankan, torí kì í ṣe ẹnì kan ló ń ṣe é. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni mo fẹ́ kí ẹ dá mọ̀.

Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ ó dé ìsọ̀, ẹ ó ní họ́ọ̀nù yín kò dún tó mọ́, pé àwọn onítírélà kì í gbọ́ yín lójú títì. Bọ̀ọ̀dá tó wà níbẹ̀ á ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kóun gbọ́. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á mú síkúdiráfà, á ní òun fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó bá fi máa dìde, họ́ọ̀nù tó ń dún díẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní dún mọ́ rárá. "Ẹ̀gbọ́n, ó ti kú nìyẹn."

Kò kú o. Ẹ̀yìn họ́ọ̀nù pẹlẹbẹ ní síkúrù kékeré kan, òun ló ń pinnu bí irin méjì tó ń gbé iná fún un ṣe ń pàdé, tí wọ́n sì ń jára wọn sílẹ̀. Tí wọ́n bá yí i kọjá àyè rẹ̀, họ́ọ̀nù á dákẹ́. Tí ẹ bá dá a padà, ohùn á padà. Bàbá kan tó ń gbé búrẹ́dì kiri gbé irú rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn tí wọ́n ti ní kó lọ ra tuntun, síkúrù yẹn nìkan ni mo yí. Nítorí náà, tí họ́ọ̀nù yín bá ń fọhùn bí ẹni tí òtútù mú, ẹ kọ́kọ́ yọ ẹnu wáyà rẹ̀, ẹ fi sáńpépà fọ ìpata ibẹ̀ kúrò. Kí ẹnì kan máa tẹ họ́ọ̀nù, kí ẹ̀yin máa yí síkúrù náà díẹ̀díẹ̀, kó má ju ìdá kan nínú mẹ́rin òbírí lọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ yín ò nílò họ́ọ̀nù tuntun rárá.

Tí ẹ bá ti gbà pé ó kú, wọ́n á gbé páálí kan jáde tí wọ́n kọ Germany tàbí Italy sí lára, wọ́n á sì tún kọ 300 dB sí i gàdàgbà. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín. dB ni wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó. Họ́ọ̀nù mọ́tò tó dáa máa ń wà láàárín 105 sí 118, tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n láti mítà méjì. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí yìí, ohùn kò lè kọjá nǹkan bí 194 kó ṣì máa jẹ́ ohùn. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ ti di ìbúgbàmù. Ẹni tó lè tẹ 300 sára páálí lè tẹ orúkọ ìlú tó bá wù ú síbẹ̀ náà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dán an wò fún yín, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ti lajú. Bátìrì tí wọ́n fi ń dán an wò kì í ṣe ti máṣíìnì. Bátìrì mọ́tò ni, wọ́n ti ṣáàjì rẹ̀ kún, wáyà gbàǹgbà ni wọ́n sì so mọ́ ọn. Mo ti débi tí wọ́n ti so bátìrì méjì pọ̀ lábẹ́ tábìlì tí iná rẹ̀ fi di fóòtì 24 (fóòtì ni wọ́n fi ń wọn agbára iná, V ni wọ́n máa ń kọ sára ọjà). Họ́ọ̀nù fóòtì 12 tí wọ́n bá fún ní 24 á ké fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ débi pé gbogbo ọjà á yíjú wò yín, ẹ ó sì ti mú owó jáde kó tó rẹ̀ ẹ́. Bátìrì máṣíìnì kékeré, irú èyí tó wà lára Boxer àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kì í sábà ju ámpù-wákàtí 5 sí 9 lọ, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà pamọ́. Ti mọ́tò lásán máa ń tó 45, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sọ fún wọn pé orí máṣíìnì tiyín ni kí wọ́n ti dán an wò, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, kí iná iwájú wà ní títàn. Ẹni tí ọjà rẹ̀ dáa kò ní bínú sí ìyẹn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹ ń dá òun dúró, ẹ yáa jẹ́ kó lọ dá ẹlòmíràn lóhùn.

Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ tí wọ́n ní àwọn máa fi bá yín so ó yẹn gan-an ló ń náni lówó jù. Họ́ọ̀nù pẹlẹbẹ tó bá máṣíìnì wá láti ilé iṣẹ́ kì í fa ju ámpù 2 tàbí 3 lọ, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń gba inú wáyà kọjá. Họ́ọ̀nù mọ́tò méjì, àwọn oníkarahun ìgbín yẹn, lè fa 8 sí 10 pa pọ̀. Èyí tó ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ nínú lè fa 15 sí 20. Wáyà tín-ín-rín ara máṣíìnì àti súwíìṣì tí ẹ ń fi àtàǹpàkò tẹ̀, iná kékeré ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ríléè ló yẹ kó dúró láàárín: súwíìṣì á fi iná díẹ̀ jí ríléè, ríléè á sì lọ gba iná tó tó látorí bátìrì fún họ́ọ̀nù. Àwọn bọ̀ọ̀dá wọ̀nyí kì í lò ó. Wọ́n á gé ẹnu wáyà tó bá máṣíìnì wá, wọ́n á lọ́ ọ mọ́ ti tuntun, wọ́n á fi téèpù dúdú wé e, ó parí.

Fíùsì á já. Ẹ ó padà lọ, wọ́n á fi èyí tó tóbi jù ú lọ síbẹ̀, tàbí kí wọ́n fi bébà tó ń dán nínú páálí sìgá wé èyí tó já. Láti ìgbà yẹn lọ, kò sí ohun tó máa dá iná dúró mọ́ kí wáyà tó jóná, wáyà ọ̀hún sì rèé, abẹ́ táǹkì epo ló gbà kọjá. Súwíìṣì yọ́, wọ́n ní súwíìṣì wà ńlẹ̀. Bátìrì kú, wọ́n ní bátìrì wà ńlẹ̀. Wọ́n á tún ní rẹtifáyà yín, èyí tó ń tún iná ẹ́ńjìnnì ṣe kó lè ṣáàjì bátìrì, ni kò dáa mọ́. Ọmọkùnrin kan tó ń gbé oúnjẹ kiri ní Bódìjà ti ra gbogbo rẹ̀ tán kó tó gbé máṣíìnì dé ọ̀dọ̀ mi. Rẹtifáyà àkọ́kọ́ tí wọ́n yọ kúrò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá. Mo dán an wò, kò sí ohun tó ṣe é. Èrè orí họ́ọ̀nù kò tó nǹkan lójú wọn. Ohun tí họ́ọ̀nù bá bà jẹ́ ni wọ́n ń retí.

Ẹ máa gba họ́ọ̀nù àtijọ́ yín lọ́wọ́ wọn o! Wọ́n á ní "ẹ fi sílẹ̀, ìdọ̀tí ni." Ìdọ̀tí kọ́. Wọ́n á dá síkúrù rẹ̀ padà, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi ọ̀dà dúdú kùn ún, ó di original fún ẹlòmíràn. Ọ̀kan tí mo ti fi ìṣó fín àmì sí lẹ́yìn fún oníbàárà mi kan padà wá bá mi lára máṣíìnì ẹlòmíràn, wọ́n tà á fún un bíi tuntun, nínú páálí.

Tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lẹ fẹ́ rà, ẹ yí họ́ọ̀nù náà padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Tí wọ́n bá lẹ bébà 12V mọ́ ọn, ẹ fi èékánná ṣí i díẹ̀. Mo ti rí 24V lábẹ́ rẹ̀, èyí tó jẹ́ ti ọkọ̀ ńlá, mo ti rí 48V, ti máṣíìnì oníbátìrì. Méjèèjì ò ní ṣe ju kí wọ́n kùn díẹ̀ lọ lórí fóòtì 12. Tó bá jẹ́ oníkarahun méjì lẹ rà, ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà H, èkejì L, torí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n jọ ń ké. Wọ́n máa ń kó H méjì fúnni nígbà tí L bá tán nílẹ̀. Wáyà ńkọ́? Ẹ fi abẹ ha ara rẹ̀. Tí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni. Ó máa ń gbóná, ó sì máa ń já tí máṣíìnì bá ń gbọ̀n. Tí mágínẹ́ẹ̀tì bá lè fà á, irin ni wọ́n tà fún yín.

Tó bá bàjẹ́ tí ẹ dá a padà, wọ́n á ní rewáyà yín ló gbé pọ́sítíìfù sí ẹnu nẹ́gátíìfù, pé ìyẹn ló jó o. Fún họ́ọ̀nù pẹlẹbẹ àti oníkarahun lásán, irọ́ ni. Èyí tí ẹ bá gbé sí ẹnu èyíkéyìí, á dún bákan náà. Oníafẹ́fẹ́ nìkan àti àwọn tó ní ẹ̀rọ kékeré nínú ló ń bìkítà nípa ìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi gírámà lé yín lọ.

Ní ti àwọn tó ń ta èyí tó ń dún bíi ti ọlọ́pàá àti áńbúláǹsì, òfin kò gbà kí aládàáni lo sírẹ́ẹ̀nì. Ẹni tó tà á á ti gba owó rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó.

Bó ṣe yẹ kí ríléè wà nìyí, kí ẹ lè máa ṣọ́ ẹni tó bá ń ṣe é fún yín. Nọ́ńbà ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà lára ríléè. Ẹsẹ̀ 30 gba iná látorí bátìrì, kí fíùsì wà nítòsí bátìrì: ámpù 15 fún oníkarahun méjì, ámpù 20 fún oníafẹ́fẹ́. Ẹsẹ̀ 87 lọ sára họ́ọ̀nù, ẹnu kejì họ́ọ̀nù sì lọ sí nẹ́gátíìfù bátìrì. Wáyà méjì tó wà lára họ́ọ̀nù àtijọ́ á lọ sí 85 àti 86. Kò sí gígé rárá. Wáyà 2.5 ló dáa, irú ìwọ̀n tí àwọn oníná ilé ń lò fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, àmọ́ kó jẹ́ èyí tó ní okùn púpọ̀ nínú, kó má jẹ́ ọ̀pá kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ ríléè ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tí ẹsẹ̀ àárín rẹ̀ jẹ́ 87a, kí wọ́n má fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ họ́ọ̀nù á máa ké láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Kí ẹnu karahun sì dojú kọ ilẹ̀, kí òjò má rọ sínú rẹ̀.

Ẹ gba rìsíìtì, kí wọ́n kọ fóòtì àti irú họ́ọ̀nù náà sí i. Tí wọ́n bá ní ọjà tí wọ́n bá ti tà kì í padà, òfin FCCPA ọdún 2018, òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó ní àbùkù padà, ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí òfin náà, sì lẹ lè kọ̀wé sí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó débẹ̀, ẹ lọ bá alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta pátì máṣíìnì nínú ọjà yẹn. Ìyẹn máa ń yá ju ìwé lọ, torí wọn ò fẹ́ kí orúkọ ọjà wọn bàjẹ́.

Ẹni tí wọ́n bá ti so tirẹ̀ láìsí ríléè, kó ṣí ìjókòó máṣíìnì, kó tẹ họ́ọ̀nù fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kó fọwọ́ kan wáyà àti fíùsì rẹ̀. Tó bá ti gbóná, kó yọ wáyà họ́ọ̀nù yẹn kúrò kó tó gùn ún lọ sílé.